Ọkùnrin Tí Ọrùn Rẹ̀ Fẹ̀ Ju Àyà Rẹ̀ Lọ

Ẹni tó bá ti lọ kí ẹlẹ́wọ̀n rí mọ bó ṣe máa ń rí. Wọ́n á tò yín sínú oòrùn. Wọ́n á tú gbogbo ohun tí ẹ gbé wá palẹ̀, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún ọṣẹ bí ẹni pé ọṣẹ náà ló jalè, wọ́n á gba fóònù yín, wọ́n á sì fún yín ní páálí pélébé tó ní nọ́ńbà lára. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ ó wá jókòó fún ogún ìṣẹ́jú péré, wáyà á wà láàárín ẹ̀yin àti ẹni yín, ẹ ó sì gbàgbé ìdajì ohun tí ẹ fẹ́ sọ.

Ìyá Téèpù ti mọ gbogbo rẹ̀ bí ẹni mowó. Aránṣọ ni, téèpù tó fi ń wọn aṣọ kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ibi yòówù kó ń lọ. Wọ́dà kan ti fẹ́ gba téèpù náà lọ́wọ́ rẹ̀ rí lẹ́nu ọ̀nà, ó ní wọ́n lè fi fún èèyàn lọ́rùn.

"Ọ̀gá, èmi fi ń wọn ọrùn ni," ló dá a lóhùn, "mi ò fi fún ọrùn rí." Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Àmọ́ wọ́dà náà gbà á, ó sì di ìgbà tó ń jáde kó tó rí i gbà padà.

Àbúrò rẹ̀ ló ń wá kí ní gbogbo Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ aránṣọ. Ẹlẹ́rìn-ín ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí pé bí abẹ́rẹ́ bá gún un lọ́wọ́ pàápàá, ẹ̀rín ni yóò fi ṣe. Ohun tó gbé e dẹ́wọ̀n kò gba àlàyé púpọ̀. Ó ra ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta tí wọ́n jí, ó sì mọ̀ pé wọ́n jí wọn. Adájọ́ fún un ní ọdún méjì. Ọdún méjì náà ti fẹ́ẹ̀ pé báyìí, Màmá wọn sì ti ń kun yàrá rẹ̀ lọ́dà.

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí à ń wí yìí, Ẹlẹ́rìn-ín jáde wá, ó jókòó, kò rẹ́rìn-ín.

"Àbúrò mi, o kú ìjọ́ mẹ́ta."

"Àlàáfíà fún ẹni tó bá tọ́ sí."

Ìyá Téèpù bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíì ló ń bá sọ̀rọ̀. Kò sí ẹnì kankan. "Ṣé kò wá tọ́ sí èmi ni?"

Ojú aránṣọ kò mọ ìsinmi. Kó tó di pé wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kejì, Ìyá Téèpù ti rí i pé ínṣì méjì ti lọ lára àyà ọmọ náà, èjìká rẹ̀ sì ti ká wọnú.

"Màmá kí ẹ. Wọ́n ní àwọn á tẹ̀lé mi wá lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú ẹ sílẹ̀."

"Ẹ má mú Màmá wá."

"Nítorí kí ni?"

"Ìdílé tí ẹ̀jẹ̀ bá so pọ̀ máa ń já. Èyí tí òtítọ́ bá so pọ̀ kì í já." Ó sọ ọ́ láìdánu dúró, bí ọmọ iléèwé tó ń ka àkọ́sórí.

Ara Ìyá Téèpù bù máṣọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹnu ọmọ náà bí ẹni pé ẹlòmíì ló wà nínú ẹnu ọ̀hún. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà, ìfura sì ti wọ̀ ọ́ lára láti bí oṣù mẹ́rin. Àmọ́ ohun tó ń bí i nínú ni pé ó rò pé òun ti lo oògùn náà, tí àrùn sì ti lọ.

"Ọjọ́ wo gan-an lo ń jáde?"

"Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀." Ilẹ̀ ló ń wò nígbà tó sọ ọ́.

Ọkùnrin kan ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó kó lẹ́tà dání, ó ń pín in fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Aṣọ ẹ̀wọ̀n tirẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì le bí èyí tí wọ́n lọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Tíṣà ni wọ́n ń pè é. Yàrá kan náà lòun àti Ẹlẹ́rìn-ín ń gbé báyìí. Ó tẹríba fún Ìyá Téèpù, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ kú ìtọ́jú o, Ìyá wa. A ò ní bá yín ṣòfò."

"Àmín o. Ẹ ṣeun tí ẹ ń bá mi wò ó, Tíṣà."

Tíṣà kò lọ. Ó dúró sẹ́yìn bẹ́ǹṣì, ó ń wá orúkọ lára lẹ́tà tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kò pọ̀ débi tí yóò fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹlẹ́rìn-ín mú ìwé kékeré kan jáde lápò. Ó fi han wọ́dà. Wọ́dà wò ó, ó rí ọrùn, àyà, apá, ìbàdí, ó sì fà á fún Ìyá Téèpù láti abẹ́ wáyà. Lójú wọ́dà, ìwé ìwọ̀n aṣọ lásán ni.

"Oníbàárà kan máa wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́la," Ẹlẹ́rìn-ín wí. "Ẹ fún un níwèé yìí."

"Kí n fún un? Ṣebí èmi ni mo fẹ́ ránṣọ. Irú aṣọ wo ló fẹ́?"

"Ẹ ṣáà fún un." Ó wá gbé ojú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ẹ wò ó bí ẹ ṣe kọ́ mi pé kí n máa wo ìwé, Àǹtí mi."

Agogo dún. Ogún ìṣẹ́jú ti pé.

*

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yìí nídìí, Ìyá Téèpù fúnra rẹ̀ ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin ìdí ọ̀hún.

Ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ẹlòmíì ni Ẹlẹ́rìn-ín ń bá gbé yàrá. Bàbá àgbàlagbà kan ni, irùngbọ̀n rẹ̀ dé àyà, bó bá sì ti jí, àdúrà ni. Bó bá jẹun tán, àdúrà ni. Ó ń kọ́ Ẹlẹ́rìn-ín náà ní àdúrà. Bàbá Onírùngbọ̀n ni wọ́n ń pè é.

Ìyá Téèpù rí irùngbọ̀n yẹn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kò sì sùn dáadáa mọ́. Ó ti gbọ́ lórí rédíò pé àwọn agbawèrèmẹ́sìn ń dọdẹ ọmọ ọlọ́mọ kiri inú ẹ̀wọ̀n, pé bí wọ́n bá ti kó sí ọmọ lórí, ó lè gbé ohun ìjà fún wọn lọ́jọ́ tó bá jáde. Ó ní ojú lọ̀rọ̀ wà, òun ti rí tirẹ̀.

Ó lọ bá òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. "Ẹ dákun, ẹ gbé àbúrò mi kúrò lọ́dọ̀ bàbá yẹn. Àdúrà rẹ̀ ti pọ̀ jù."

Wọ́n gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé Ẹlẹ́rìn-ín lọ sí yàrá Tíṣà. Nígbà tí Ìyá Téèpù rí Tíṣà, ẹni tó fárí, tó fá àgbọ̀n, tó mọ̀wé, tó mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn, ńṣe ló dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, Ìyá Téèpù ṣe bí ẹni pé òun ti mọ èyí tí inú ń run.

*

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó gé etí aṣọ kan tán, ó wá rántí ìwé àná. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi sísọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ọrùn: 48.

Ó nu ojú rẹ̀. Ó tún un kà.

Ọrùn: 48. Àyà: 19. Apá: 70. Ìbàdí àti ẹsẹ̀ náà ní nọ́ńbà tiwọn.

"Háà!" Òun nìkan ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ ó sọ ọ́ síta. "Ẹni wo ni ọrùn rẹ̀ fẹ̀ ju àyà rẹ̀ lọ? Ẹni tí apá rẹ̀ jẹ́ àádọ́rin ínṣì, ṣé kò ní máa fọwọ́ gbálẹ̀ bó bá ń rìn?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò jáde. Ẹlẹ́rìn-ín lè purọ́, ó lè ra ẹ̀rọ olè, àmọ́ kò jẹ́ ṣìwọ̀n. Lọ́dún tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Ìyá Téèpù ti fi rúlà gbá a lọ́wọ́ nítorí ínṣì kan ṣoṣo. Ohun àkọ́kọ́ tó kọ́ ọ nìyẹn: kó o tó gé aṣọ, wo ìwé, kó o bi ara rẹ bóyá èèyàn ló wà nínú ìwé náà.

Ẹ wò ó bí ẹ ṣe kọ́ mi pé kí n máa wo ìwé.

Kò sí èèyàn nínú ìwé yìí.

Kò tíì ká ìwé náà tán tí òjìji bo ẹnu ọ̀nà. Ọ̀dọ́kùnrin kan ni, ó wọ bàtà funfun tí eruku kò kàn. Kò wo aṣọ kankan lára ògiri. Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tí kò wo aṣọ, ẹ bi í ohun tó ń wá.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Wọ́n ní kí n wá gba ìwé kan."

Ìyá Téèpù fi ìgbọ̀nwọ́ bo ìwé náà mọ́ orí tábìlì. "Káàbọ̀. Ṣé ìwọ lo ni aṣọ náà? Súnmọ́ ibí kí n tún ẹ wọ̀n."

"Rárá, ọ̀rẹ́ wa kan ló ni ín."

"Ó sanra?"

"Ó tẹ́ẹ́rẹ́."

"Ọrùn rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ọrùn rẹ̀ ki?"

Oníbàtà Funfun wò ó bí ẹni tí wọ́n béèrè orúkọ ẹja inú odò lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọrùn rẹ̀ dà bí ọrùn gbogbo èèyàn. Mà, ẹ fún mi níwèé."

"Ilé ni mo gbàgbé ẹ̀ sí. Padà wá lọ́la."

"Ọ̀la ti pẹ́ jù!" Ó tètè rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Mo fẹ́ ẹ lónìí. Mo máa padà wá ní aago mẹ́rin."

"Kí ló ń lé yín léré lórí aṣọ tí ẹ ò tíì mú wá?"

Oníbàtà Funfun wo òkè àjà, ó wo fèrèsé, ó wá fọwọ́ gbá ilẹ̀kùn pẹ́pẹ́. "Ṣọ́ọ̀bù yín dára, mà. Igi gbígbẹ ni gbogbo ẹ̀." Ó sì lọ.

Ó yé Ìyá Téèpù pé iná ló ń fi halẹ̀. Ó jókòó. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Bó bá gbé ìwé yìí lọ fún àwọn aláṣẹ, ọwọ́ àbúrò rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀ gbàgàdà. Wọ́n lè fi ọdún kún ọdún fún un, Màmá á sì máa wo yàrá tí wọ́n kùn lọ́dà lásán. Bó bá dákẹ́, tó fún Oníbàtà Funfun, ọmọ náà á jáde lọ́jọ́ Ajé. Àmọ́ ta ló máa jáde? Ṣé Ẹlẹ́rìn-ín ni, àbí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bí àkọ́sórí?

Ó sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ti ilẹ̀kùn, ó ki ìwé náà bọ inú bàtà rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ.

*

Obìnrin kan wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n náà tó ń mójú tó ìgbáyégbádùn àwọn ẹlẹ́wọ̀n àti ìmúrasílẹ̀ wọn láti padà sílé. Fáìlì kì í kúrò lábíyá rẹ̀, nítorí náà Ìyá Fáìlì ni wọ́n ń pè é. Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ kò tóbi ju yàrá ìwẹ̀ lọ. Fáìlì kún títí dé fèrèsé, fáànù kan ń yí orí kiri lókè kọ́bọ́ọ̀dù, kò sì fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnikẹ́ni.

Ìyá Téèpù bọ́ bàtà, ó yọ ìwé. Ó ti sọ fún ara rẹ̀ lójú ọ̀nà pé òun á kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀, àmọ́ ìbínú ló ṣáájú.

"Mà, ẹ wo ìwọ̀n yìí. Kò sí èèyàn tó rí báyìí lábẹ́ ọ̀run."

Ìyá Fáìlì wò ó. "Ẹ má bínú, Ìyá. Lójú tiwa àti ti wọ́dà, nọ́ńbà lásán ni. Ẹ bá mi kà á."

Ó kà á fún un látòkè délẹ̀, ó ń fi téèpù ọrùn rẹ̀ ṣàpèjúwe ọrùn tó tó agbada irin. Ìyá Fáìlì kò rẹ́rìn-ín. Ó mú bírò, ó to àwọn nọ́ńbà náà tẹ̀léra lórí bébà mìíràn, ó fi òdo kan síwájú wọn.

"Nọ́ńbà fóònù ni," ló wí.

Fáànù yí orí lọ, ó yí orí bọ̀.

"Ọjọ́ wo ni àbúrò yín sọ fún yín pé òun ń jáde?"

"Ọjọ́ Ajé."

Ìyá Fáìlì fa fáìlì kan yọ láàárín ọgọ́rùn-ún láìwo orúkọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ṣí i, ó yí i kọjú sí Ìyá Téèpù, ó fìka tọ́ ọ. "Ọ̀la ni. Aago mẹ́jọ àárọ̀. A ti sọ fún un láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn."

Ìyá Téèpù di ẹ̀gbẹ́ tábìlì mú. Ó wá yé e. Lọ́jọ́ Ajé, òun àti Màmá ìbá gbé aṣọ tuntun wá sí ẹnu ọ̀nà, wọ́dà ìbá sì sọ fún wọn pé ọmọ wọn ti lọ láti ọjọ́ mẹ́rin.

"Bí àwọn agbawèrèmẹ́sìn ṣe ń ṣe é nìyẹn," Ìyá Fáìlì wí. "Wọ́n á ní kó parọ́ ọjọ́ fún ará ilé. Ẹni wọn tó wà níta á wá gba nọ́ńbà ẹni tó ń wa mọ́tò. Ọmọ á jáde, kò ní bá ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà àfi àwọn. Wọ́n á sọ fún un pé, ṣó o rí i, ta ló wá pàdé rẹ nínú ẹbí rẹ? Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ní in tán."

"Bàbá Onírùngbọ̀n yẹn! Mo sọ bẹ́ẹ̀! Mo mọ̀ pé kò tíì fi í sílẹ̀!"

Ìyá Fáìlì bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ìyá, ẹ jókòó dáadáa. Bàbá Onírùngbọ̀n ti wá sí yàrá yìí lẹ́ẹ̀mejì láti sọ fún wa pé kí a ṣọ́ Tíṣà. Ó ní ẹ̀kọ́ tí Tíṣà fi ń kọ́ àwọn ọmọ kì í ṣe ti ẹ̀sìn kankan tí òun mọ̀. A ò tètè gbà á gbọ́. Ẹ̀bi tiwa nìyẹn."

"Tíṣà?"

"Tíṣà. Ẹni tó bá fẹ́ mú ọ̀bọ a máa ṣe bí ọ̀bọ. Ẹ ń wá ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwàásù. Kì í ṣe ìwàásù ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹní ni, ọṣẹ ni, aṣọ ìbora ni. Ẹni tó bá dé yàrá tuntun tí kò mọ ẹnì kan, wọ́n á fún un ní ibi tó dára sùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á máa já okùn tó so ó mọ́ ilé, ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Ta ló gbé Ẹlẹ́rìn-ín dé yàrá tuntun tí kò ti mọ ẹnì kan?

*

Wọ́n dọ́gbọ́n pe Ẹlẹ́rìn-ín. Wọ́n ní dókítà fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó lọ sílé, kí Tíṣà má bàa fura. Nígbà tó wọlé tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó sì rí ìwé náà lórí tábìlì, ńṣe ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ rí i," ló wí.

"Mo rí ọrùn tó fẹ̀ ju àyà lọ. Kí ló ṣe ẹ́, àbúrò mi?"

"Tíṣà ló ka nọ́ńbà náà fún mi. Kò mọ ìwọ̀n, kò mọ ibi tí téèpù ń gbà. Ó ní kí n ṣáà kọ ọ̀rọ̀ aránṣọ síwájú wọn. Èmi ló yan ọrùn fún méjìdínláàádọ́ta. Mo lè fi í sí ìbàdí, ẹ̀yin náà ì bá má fura. Wọ́n lè ṣọ́ ẹnu mi, Àǹtí mi, wọn ò lè ṣọ́ ojú yín."

"Kí ló dé tó ò sọ fún wọ́dà?"

"Wọ́n mọ ṣọ́ọ̀bù yín. Wọ́n mọ ibi tí Màmá ń gbà lọ sọ́jà. Mi ò sì fẹ́ purọ́ fún yín. Ìdajì mi ti gbà wọ́n gbọ́. Lẹ́tà yín ò dé ọwọ́ mi mọ́."

"Mò ń kọ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀!"

"Ọwọ́ Tíṣà ni lẹ́tà ń gbà kọjá. Ó ní ẹ ti dẹ́kun kíkọ. Ó ní wíwá tí ẹ ń wá náà, ẹ ń wá wò bóyá mo ti kú ni. Mo kọ́kọ́ bá a jà. Ó wá bi mí pé, ta ló ní kí wọ́n gbé mi kúrò lọ́dọ̀ bàbá tó ń kọ́ mi ní àdúrà? Ó ní ará ilé mi kórìíra Ọlọ́run, pé ẹ fi ẹnu ara yín sọ bẹ́ẹ̀ fún òṣìṣẹ́. Mo béèrè lọ́wọ́ wọ́dà. Wọ́dà ní òótọ́ ni, ẹ̀yin ni."

Ọ̀rọ̀ náà bá Ìyá Téèpù níbi tó ti ń dùn ún tẹ́lẹ̀. Nínú gbogbo irọ́ tí Tíṣà fi dẹ pàkúté, òtítọ́ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ọwọ́ òun ló sì ti wá. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tí òun fi rúlà gbá lọ́wọ́ rí.

"Èmi ni. Irùngbọ̀n ni mo wò. Ẹ̀rù ló bà mí, mi ò béèrè. Má bínú."

Ẹlẹ́rìn-ín fi orí lé e léjìká, ó sunkún bí ọmọdé. Ìyá Fáìlì kọjú sí fáìlì rẹ̀, ó ń to ohun tó ti tò tẹ́lẹ̀.

Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ìyá, ẹ má padà sí ṣọ́ọ̀bù lónìí. Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

"Ṣé wọ́n máa fi ọdún kún un fún un?"

"Ohun tó fi ránṣẹ́ àti ohun tí ẹ̀yin gbé wá, méjèèjì ni màá kọ síbí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n tètè wá sọ kì í jọ ọ̀rọ̀ tí a ká mọ́ni lọ́wọ́."

Ní aago mẹ́rin ọjọ́ náà, Oníbàtà Funfun dé ṣọ́ọ̀bù. Ó bá oníbàárà méjì tó jókòó. Ọlọ́pàá ni wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ti mú ṣòkòtò tirẹ̀ tó ya wá, kó má bàa jẹ́ irọ́. Títí di òní, ṣòkòtò ọ̀hún ṣì wà lára ògiri, kò tíì wá gbà á.

Wọ́n gbé Tíṣà kúrò láàárín àwọn tó kù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí lórí nọ́ńbà náà. Lábẹ́ ẹní tó ń sùn lé, wọ́n bá lẹ́tà. Ti Ìyá Téèpù nìkan jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Kò sí èyí tí wọ́n ṣí nínú wọn.

*

Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Màmá ló kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Ẹlẹ́rìn-ín jáde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. Màmá ní kó dìde, kó má ba aṣọ jẹ́, òun náà sì jókòó sínú eruku tì í.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Ìgbàgbọ́ tí wọ́n fi oṣù mẹ́rin rán mọ́ èèyàn lára, wọn kì í tú u ní ọjọ́ kan. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé Ẹlẹ́rìn-ín á jókòó, á máa sọ pé bóyá Tíṣà tilẹ̀ tọ̀nà níbì kan. Ìyá Téèpù kì í pariwo mọ́ ọn. Ó ń mú un lọ bá àlùfáà ọgbà ẹ̀wọ̀n àti Ìyá Fáìlì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, wọ́n á jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní gbangba, ìbéèrè kankan kò sì léèwọ̀.

Àmọ́ nǹkan kan ṣì kù lọ́kàn Ìyá Téèpù. Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, ó tò sínú oòrùn bó ti máa ń ṣe. Bàbá Onírùngbọ̀n ló wá kí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni kò ti sí ẹni tó wá kí bàbá náà. Ó jáde wá tìyanutìyanu.

"Bàbá, ẹ forí jì mí. Mo fi irùngbọ̀n yín dá yín lẹ́jọ́."

Bàbá fọwọ́ pa irùngbọ̀n náà. "Ìwọ nìkan kọ́, ọmọ mi. Àwọn wọ́dà pàápàá ń wá ọ̀bẹ nínú ẹ̀. Báwo ni Ẹlẹ́rìn-ín mi?"

"Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀."

"Mo máa ń sọ fún un pé Ọlọ́run tó bá ní kó o kórìíra ìyá ẹ, kì í ṣe Ọlọ́run, ẹnì kan ló ń fi ohùn jọ Ọ́."

Ìyá Téèpù bẹ wọ́dà, wọ́dà náà sì gbà á láyè lọ́jọ́ yẹn láti na téèpù gba abẹ́ wáyà. Bàbá fúnra rẹ̀ ló yí i ká ọrùn, ó ka nọ́ńbà rẹ̀ síta. Mẹ́rìndínlógún ni ọrùn. Méjìlélógójì ni àyà. Èèyàn ló wà nínú ìwé náà.

Ẹlẹ́rìn-ín ló rán aṣọ ọ̀hún. Níbi tó ti ń rán etí ọwọ́ rẹ̀, abẹ́rẹ́ gún un. Màmá gbójú sókè. Ìyá Téèpù dá ẹ̀rọ dúró. Ẹlẹ́rìn-ín wo ìka rẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ó wo àwọn méjèèjì tí wọ́n ń wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

*

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹni lẹ́wọ̀n, ẹ gbọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Aláìlẹ́nìkan ni àwọn bíi Tíṣà ń wá, ẹni tó bá sì ń rí ará ilé rẹ̀ lóòrèkóòrè kì í tètè bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ẹ máa kọ lẹ́tà, kí ẹ sì máa bi í bóyá lẹ́tà náà dé. Ẹnu òṣìṣẹ́ ni kí ẹ ti gbọ́ ọjọ́ tó ń jáde, kódà bí òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọjọ́ kan fún yín, kí ẹ sì rí i pé ẹnì kan dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

Bí ẹ bá fẹ́ fura, ẹ má fura sí irùngbọ̀n, tàbí aṣọ ẹ̀sìn, tàbí ẹni tó ń gbàdúrà. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé àdúrà ló mú wọn la ẹ̀wọ̀n já. Ẹ fura sí ẹni tó ń já ọmọ yín kúrò lára ìyá rẹ̀. Ẹ fura sí ẹ̀kọ́ tí kò fẹ́ ìbéèrè, tó ń kọ́ni pé àwa nìkan ni èèyàn, àwọn tó kù kì í ṣe èèyàn. Ẹ fura sí oore tí wọ́n ní kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, àti iṣẹ́ tí wọ́n rán yín tí wọn ò jẹ́ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀.

Bí ẹ bá sì rí i, ẹ má dá a gbé mì. Ẹ lọ bá òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ìgbáyégbádùn, tàbí àlùfáà ọgbà, tàbí agbẹjọ́rò yín. Bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá fetí sí i, ẹ wá ẹnì kejì. Lílọ yín kò túmọ̀ sí pé ẹ ta ọmọ yín. Ó lè jẹ́ òun gan-an ló ń dọ́gbọ́n pè yín, tó ń retí pé ẹ óò rí ohun tí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ.

Ẹ̀yin lẹ mọ ìwọ̀n ọmọ yín. Bí ọrùn bá ti fẹ̀ ju àyà lọ, ẹ sọ̀rọ̀.